Mo Gbàgbé, Mo Pẹ́, Àìsàn Dé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Sábáàtì, Àdúrà àti Àjọ̀dún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo sì rí i pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n wá ṣe báyìí? Ẹnìkan sùn kọjá àdúrà, ẹnìkan ò tan àbẹ́là tá a fi ń gba Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwa Júù láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé dé alẹ́ Sátidé, ẹnìkan pe áńbúláǹsì lálẹ́ Sábáàtì tá ò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù, látìgbà yẹn ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Irú lẹ́tà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, torí ẹni tó ṣìṣe ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn rábì àtijọ́ dá lé lórí, wọn ò fi í sílẹ̀ láìsí ọ̀nà. Níbi tí ẹnu àwọn àgbà ò bá ti kò, màá sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ bi rábì tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún márùndínlógún ni mí. Mo kàwé mọ́jú torí ìdánwò, ìgbà tí mo máa fi jí, aago kan ọ̀sán ti lù, mi ò ṣe àdúrà àárọ̀ rárá. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni àbí kí n ṣì ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má gbàgbé ẹ̀ o, ọ̀nà wà. Amidah, ìyẹn àdúrà tá a máa ń dúró ṣe tá a pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ní àsanpadà, tashlumin lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, tàbí tó sùn lọ, tàbí tí nǹkan tó ju agbára ẹ̀ lọ dí i lọ́wọ́, tí Amidah kan fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí àsìkò àdúrà tó tẹ̀ lé e bá tó, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣe é. Àkọ́kọ́ ni ti àsìkò tó wà yẹn, ìkejì ni ti gbèsè. Má yí i padà o! Tó o bá fi àkọ́kọ́ ṣe ti àárọ̀ tó o sùn kọjá, tó o wá fi ìkejì ṣe ti ọ̀sán, gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ, wàá tún un ṣe. Torí náà, ṣe Mincha tọ̀sán bó o ṣe máa ń ṣe é, sinmi díẹ̀, ka Sáàmù tá à ń pè ní Ashrei, kó o wá dìde ṣe Amidah mìíràn fún ti àárọ̀.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Àdúrà tó tẹ̀ lé e gan-an nìkan ló lè gba gbèsè yẹn. Tí ọ̀sán náà bá tún kọjá lára ẹ, ti ọ̀sán nìkan lo máa lè san lálẹ́, ti àárọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àdúrà sílẹ̀, tó jí tó rí aago tó sì ní òun ò ṣe, kò ní àsanpadà kankan. Musaf náà ò ní, ìyẹn àdúrà tá à ń fi kún un lọ́jọ́ Sábáàtì àti ọjọ́ àjọ̀dún. Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú, tó bá jẹ́ Mincha Fúráìdé lo pàdánù, tí ilẹ̀ Sábáàtì ti ṣú, Amidah ti Sábáàtì lo máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ti ọjọ́ lásán, torí àsìkò tó o wà nínú ẹ̀ ló ń sọ irú àdúrà tó o máa ṣe.

Kó tó di pé ó tún ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé aago fún ẹ. Wákàtí tí òfin ń sọ kì í ṣe ti ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ọ̀sán ni wọ́n ń pín sí méjìlá, látìgbà tí oòrùn yọ títí tó fi wọ̀. Tí oòrùn bá yọ laago mẹ́fà tó sì wọ̀ laago mẹ́fà, wákàtí kan á jẹ́ ìṣẹ́jú 60 lóòótọ́, Ṣema, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tá a máa ń kà láàárọ̀, ò gbọ́dọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án, Amidah ò gbọ́dọ̀ kọjá aago mẹ́wàá. Àmọ́ níbi tí oòrùn ti ń yọ laago méje tó sì ń wọ̀ laago márùn-ún nígbà òtútù, wákàtí kan á jẹ́ ìṣẹ́jú 50 péré, Ṣema á parí ní 9:30, Amidah ní 10:20. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ka tiwọn látìgbà tí ojúmọ́ bá là kí oòrùn tó yọ, ti àwọn yẹn tètè ń tó. Ẹni tó bá sì jí lẹ́yìn wákàtí kẹrin tí ọ̀sán gangan ò tíì tó, kó yára dìde kó ṣe àdúrà àárọ̀, wọ́n á kà á sí àdúrà fún un bí ò tiẹ̀ bọ́ sásìkò. Ìwọ tí aago kan ti lù fún, àsanpadà ló kù fún ẹ. Kó o sì máa sùn o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Fúráìdé ni mo bímọ. Ìrọbí mú mi láti ọ̀sán, nọ́ọ̀sì ò sì gbà kí wọ́n tan àbẹ́là nínú wọ́ọ̀dù, bí Sábáàtì ṣe wọlé tí mi ò tan nǹkan kan nìyẹn. Ìyá ọkọ mi wá sọ pé àfi kí n máa fi àbẹ́là kan kún tèmi ní gbogbo Fúráìdé títí láyé mi. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Ìyá ò parọ́, òfin yẹn wà, Rábì Moses Isserles ti ìlú Kraków ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé obìnrin tó bá gbàgbé àti tan iná Sábáàtì lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ méjì ló ń tàn tẹ́lẹ̀, kó máa tan mẹ́ta. Ìdí ẹ̀ ni kó lè máa ṣọ́ra, kó má tún fi àìbìkítà gbàgbé. Àmọ́ ẹ̀yin ò gbàgbé. Inú ìrọbí lẹ wà, wọn ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ tàn án, ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá bẹ́ẹ̀ ò sí nínú òfin yẹn rárá. Ẹ má bá ìyá jà sí i, ẹ rọra ṣàlàyé fún wọn. Ẹ tún mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mìíràn pé níbi tí wọn ò bá ti gbà kẹ́ ẹ tan àbẹ́là, ọ̀pọ̀ rábì gbà kẹ́ ẹ tan gílóòbù ẹ̀lẹ́tíríìkì tẹ́ ẹ ní i lọ́kàn pé ti Sábáàtì ni, kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí màá fi kún un: àṣà wà nínú ọ̀pọ̀ ilé pé ìyá máa ń fi àbẹ́là kan kún un fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ fi ọ̀kan kún un nítorí ọmọ tuntun yìí, inú mi á dùn, inú ìyá ọkọ yín náà á dùn, kò sì ní í jẹ́ ìtanràn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mo ń kọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn. Alẹ́ Sábáàtì, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi di àyà mú, òógùn bò wọ́n. Mo gbé fóònù mo pe áńbúláǹsì, mo bá wọn wọkọ̀ lọ. Nígbà tá a débẹ̀ dókítà ní kì í ṣe ọkàn, inú ló ń ta wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn àwọn kan nínú sínágọ́gù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé mo ba Sábáàtì jẹ́ lásán, pé ṣe ló yẹ kí n kọ́kọ́ sáré lọ bi rábì tàbí kí n wá ẹni tí kì í ṣe Júù kó pè é.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ nu omi ojú yín. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dárí ẹ̀ jì yín, òfin gan-an ló rán yín níṣẹ́ tẹ́ ẹ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbígba ẹ̀mí là, pikuach nefesh, ó borí Sábáàtì. Nínú Talmud, ìwé ńlá tí àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ wà, àwọn àgbà jókòó wọ́n ń wá ibi tí wọ́n lè fi í tì, oníkálukú mú tiẹ̀ wá. Ọ̀kan ní ká ba Sábáàtì kan jẹ́ fún èèyàn kó lè rí ọ̀pọ̀ Sábáàtì mìíràn pa mọ́. Èyí tó wá tẹ́ wọn lọ́rùn jù ni ti Samuel, ọ̀kan lára àwọn àgbà yẹn, tó mú Léfítíkù 18:5 níbi tí wọ́n ti sọ pé èèyàn á máa pa òfin mọ́ kó sì yè nípa wọn, ó ní kó yè nípa wọn ni, kó má kú nípa wọn. Ìdí tó fi borí ti àwọn tó kù ni pé ó gba iyèméjì pàápàá mọ́ra. Kò dìgbà tó bá dá yín lójú pé ẹni náà ń kú lọ. Tó bá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti tó.

Ní ti rábì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré lọ bi, òdìkejì ohun tí òfin sọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ẹni tó bá yára ló yẹ ká yìn, ẹni tó bá dúró ń béèrè, bí ẹni tó ń tàjẹ̀ sílẹ̀ ló rí. Wọ́n tiẹ̀ le mọ́ rábì fúnra ẹ̀ tí àwọn ará ìlú ẹ̀ bá ní láti wá bi í, torí ó yẹ kó ti kọ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Wọ́n tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ wá ẹni tí kì í ṣe Júù tàbí ọmọdé torí àtiṣe é, àwọn àgbà ìlú, àwọn tó mọ̀wé, ni kó ṣe é fúnra wọn, Maimonides, rábì ńlá àtijọ́ tó kọ ìwé òfin, náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìdí? Tí àwọn èèyàn bá ń rí i pé ẹlòmíràn la máa ń tì síwájú, wọ́n á rò pé nǹkan ìtìjú ni, ọjọ́ kan á wá dé tẹ́nì kan á máa wá ẹni tó máa bá a tẹ fóònù títí ẹ̀mí á fi bọ́.

Ó wá ku ti pé inú ló ń ta wọ́n. Talmud fúnra ẹ̀ ti dáhùn èyí, tí mo bá sì rántí ẹ̀ ara mi máa ń yá. Wọ́n ní aláìsàn kan wà lọ́jọ́ Sábáàtì, àwọn dókítà sọ pé èso ọ̀pọ̀tọ́ kan ló nílò. Èèyàn mẹ́wàá sáré lọ, oníkálukú já ọ̀pọ̀tọ́ kan wá, aláìsàn ti jẹ ọ̀kan ó ti gbádùn. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́, tí tiwọn ò wúlò? Gbogbo wọn pátá ló ní èrè wọn lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Tí bàbá bá tún di àyà mú ní Sábáàtì tó ń bọ̀, ẹ tún pè é, kẹ́ ẹ má sì wẹ̀yìn.

Kìkì pé nígbà tí dókítà bá ti ní ewu ò sí mọ́, òfin ọjọ́ náà ti padà nìyẹn, ẹ ò lè tìtorí pé ẹ ti wọkọ̀ lọ kẹ́ ẹ wá wakọ̀ padà sílé, ẹ dúró tì wọ́n níbẹ̀ títí Sábáàtì á fi jáde.

Torí pé Ọjọ́ Ètùtù, Yom Kippur, náà máa ń dé bá àwọn aláìsàn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ààwẹ̀ nǹkan bíi wákàtí 25 ni, láìjẹ láìmu. Tí aláìsàn bá ní òun gbọ́dọ̀ jẹun, bí ọgọ́rùn-ún dókítà bá tiẹ̀ dúró tì í tí wọ́n ní kò nílò ẹ̀, tiẹ̀ la máa gbọ́, torí Òwe 14:10 sọ pé ọkàn ló mọ ìkorò ara ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ òun ló ní òun ò jẹun tí dókítà ní kó jẹun, dókítà la máa gbọ́. Ẹ rí i, apá tẹ́mìí wà ni òfin máa ń tẹ̀ sí nígbà méjèèjì. Ẹ̀yin alóyún àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bá dókítà àti rábì yín sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, torí ọ̀nà wà láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ tí ìṣẹ́jú á wà láàárín, tí ò ní pọ̀ tó èyí tí òfin kà sí jíjẹ. Ẹ má dá ọgbọ́n ẹ̀ ṣe fúnra yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi Yorùbá gbàdúrà? Èdè Hébérù mi ò tíì dáa, mo kàn ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè fi Yorùbá ṣe é. Mishnah, ìwé òfin àwọn rábì àtijọ́ tí Talmud dá lé lórí, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Sotah, orí keje, ka àwọn nǹkan tó ṣeé sọ ní èdèkédè, Ṣema wà níbẹ̀, Amidah wà níbẹ̀, ìdúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ló wá ka àwọn tó gbọ́dọ̀ jẹ́ Hébérù, bí ìbùkún àwọn àlùfáà. Àwọn àgbà kan sọ pé tẹ́ ẹ bá wà láàárín ìjọ lèyí rọrùn jù, pé ẹni tó ń dá gbàdúrà ló yẹ kó fi Hébérù ṣe é, torí ọ̀rọ̀ kan wà nínú Talmud pé àwọn áńgẹ́lì ò kọbi ara sí èdè Árámáíkì. Àwọn mìíràn wá ní Árámáíkì nìkan lọ̀rọ̀ yẹn bá wí, èdè tó kù ò sí níbẹ̀. Mo fara mọ́ àwọn ìkejì yìí, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá Ọlọ́run sọ dáa ju kẹ́ ẹ kàn máa pe ọ̀rọ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ má fi Hébérù sílẹ̀ pátápátá. Ní nǹkan bí ọdún 1819, nígbà tí tẹ́ńpìlì tuntun kan ní Hamburg, ní Jámánì, ti ń fi èdè Jámánì ṣe apá kan ìsìn wọn, Rábì Moses Sofer ti Pressburg àtàwọn mìíràn dìde tako ó, wọ́n ní ohun tí Mishnah gbà láàyè fún ẹni tí ò gbọ́ èdè, kì í ṣe pé kí gbogbo ìjọ wá sọ ọ́ di àṣà títí láé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà àkọ́kọ́ Ṣema, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, ẹ kọ́ ọ dáadáa ní Hébérù, ẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹnì kan tún bi mí ibi tóun máa kọjú sí tóun bá ń gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì. Jerúsálẹ́mù la máa ń kọjú sí lóòótọ́, bí Dáníẹ́lì ṣe ṣí fèrèsé ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń lọ, ẹ jókòó ṣe é, ẹ kọ ọkàn yín síbẹ̀, ó ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ń gbé ní Ísírẹ́lì, èmi ń gbé lókè òkun. Ọjọ́ méje ni òun fi ń ṣe Ìrékọjá, èmi ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ń fi búrẹ́dì hàn mí lórí fóònù, èmi ń jẹ matzah, búrẹ́dì aláìwú. Tórà kan náà kọ́ là ń kà ni?

ÌDÁHÙN: Tórà kan náà ni, ọ̀nà ló jìn. Láyé ìgbà yẹn kò sí kàlẹ́ńdà. Àwọn tó bá rí oṣù tuntun lójú ọ̀run á wá jẹ́rìí níwájú àwọn adájọ́, àwọn adájọ́ á wá kéde pé oṣù ti bẹ̀rẹ̀. Báwo làwọn tó wà ní Bábílónì ṣe máa gbọ́? Iná ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Wọ́n á tan ògùṣọ̀ lórí Òkè Ólífì, wọ́n á máa fì í títí ẹni tó wà lórí òkè Sartaba á fi rí i kóun náà tan tiẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sí Hauran, láti òkè dé òkè. Ìgbà tó yá, àwọn ará Samáríà bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná èké láti da ìròyìn náà rú, ni wọ́n bá fi iná sílẹ̀, wọ́n ń rán èèyàn. Ẹsẹ̀ èèyàn ò sì yá tó iná. Àwọn tí ìránṣẹ́ ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn kí àjọ̀dún tó dé ò mọ̀ bóyá òní ni àbí ọ̀la, wọ́n ń ṣe ọjọ́ méjèèjì.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà wá dé tí iyèméjì tán, àwọn àgbà ní Ísírẹ́lì ránṣẹ́ sí àwọn tókè òkun pé kí wọ́n di àṣà bàbá wọn mú. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é nìyẹn. Rosh Hashanah, ọdún tuntun wa, nìkan ni gbogbo ayé ń ṣe fún ọjọ́ méjì, Ísírẹ́lì náà mọ́ ọn, torí ọjọ́ kìíní oṣù gan-an ló bọ́ sí, ìránṣẹ́ wo ló fẹ́ lọ kó tó dé? Yom Kippur sì jẹ́ ọjọ́ kan níbi gbogbo, torí ààwẹ̀ ọjọ́ méjì lè pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá lọ kí àbúrò yín lásìkò Ìrékọjá tẹ́ ẹ sì ń padà bọ̀ wálé, ọ̀pọ̀ rábì ní kẹ́ ẹ ṣe ọjọ́ mẹ́jọ yín, àwọn kan ní méje tó. Rábì yín ni kẹ́ ẹ bi kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Tóun náà bá wá sọ́dọ̀ yín, kó má ṣe ohun tó ba àjọ̀dún jẹ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kẹjọ. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó yéé fi búrẹ́dì hàn yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo sùn lọ ní alẹ́ Sátidé láìṣe Havdalah, ìbùkún tá a fi ń sin Sábáàtì jáde. Sọ́ńdè ti dé báyìí.

ÌDÁHÙN: Ẹ ní títí oòrùn Túsìdé fi máa wọ̀. Ẹ fi wáìnì ṣe é, láìsí iná àti òórùn dídùn, àwọn méjèèjì yẹn jẹ́ ti alẹ́ Sátidé nìkan. Tí wáìnì ò bá sí, bíà ṣeé lò níbi táwọn èèyàn ti kà á sí ohun mímu iyì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ò ṣeé fi ṣe Havdalah bó ṣe ṣeé fi ṣe Kiddush, ìbùkún tá a fi ń gba Sábáàtì wọlé lálẹ́ Fúráìdé.

ÌBÉÈRÈ: Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ti òróró díẹ̀ lọ, Fúráìdé sì tún bọ́ sínú Hanukkah, àjọ̀dún tá a máa ń tan iná lálaalẹ́. Èwo ni kí n tàn?

ÌDÁHÙN: Ti Sábáàtì. Talmud sọ ọ́ kedere, iná Sábáàtì ló ṣáájú nítorí àlàáfíà ilé, kẹ́ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ má jẹun nínú òkùnkùn. Tí òróró bá wá tó méjèèjì, ti Hanukkah lẹ máa kọ́kọ́ tàn, ẹ fi ti Sábáàtì kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì rọ òróró Hanukkah náà kó pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, torí ó gbọ́dọ̀ máa jó títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tílẹ̀ bá ṣú.

ÌBÉÈRÈ: Sà, orí omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìjì mú wa, àìsàn gbé mi dè, fóònù mi kú, nígbà tí ojú mi là mi ò mọ ọjọ́ mọ́. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n mọ̀, ká ní èmi nìkan ni ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí ti wà ní Bábílónì ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹnì kan ń rìn nínú aginjù, kò mọ ọjọ́ tí Sábáàtì jẹ́ mọ́. Rábì Huna ní kó ka ọjọ́ mẹ́fà kó wá sinmi lọ́jọ́ keje, bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Hiyya ọmọ Rav ní rárá, ọjọ́ kan ni kó kọ́kọ́ sinmi kó tó ka mẹ́fà, bíi ti Ádámù tí wọ́n dá ní Fúráìdé tí Sábáàtì sì jẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí. Ti Rábì Huna ni òfin tẹ̀ lé. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe le tó: torí pé ọjọ́ èyíkéyìí ló lè jẹ́ Sábáàtì gidi, iṣẹ́ tó lè fi wà láàyè nìkan ló máa ṣe lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ keje tiẹ̀ náà. Wọ́n wá bi ara wọn pé, tí gbogbo ọjọ́ bá wá rí bákan náà, kí ló máa fi ìyàtọ̀ hàn fún un? Wọ́n ní Kiddush àti Havdalah. Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí omi yẹn, ẹ ó máa ka ọjọ́ mẹ́fà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà ẹ ó gbé ife, ẹ ó sọ pé Sábáàtì ti dé, nígbà tí ọjọ́ keje bá parí ẹ ó tún gbé e pé ó ti lọ.